Ẹ bá wa ṣẹ̀dá orúkọ fún àwọn fáàrí òde òní yìí

AlágaÌdúró (Ìbàdàn) · Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ alága ìdúró ni mò ń ṣe, ojú mi sì ti rí tó. Lẹ́yìn òde àná, èmi àtàwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jókòó ti ìrẹsì tó ṣẹ́ kù, a ń fi àwọn àlejò ṣẹ̀fẹ̀, la bá rí i pé fáàrí tó wà lóde ti pọ̀ ju orúkọ tá a ní fún un lọ.

Lóòótọ́, a ní fújà, a ní fáàrí, a ní àṣehàn, a ní yàǹgà. Àmọ́ gbogbo wọn kàn ń sọ pé ẹnì kan ń ṣe é ni, wọn ò sọ irú èyí tó ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì, tó yí àmì mọ́tò náà sókè kí ẹni tó bá na ọwọ́ sí omi lè rí i, kí ni ká máa pè é?

Àwọn tó wù mí jù nínú èyí tá a ti ní ni àwọn tó jẹ́ odindi gbólóhùn: ṣekárími, mo-gbọ́-mo-yà, òwàńbẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ ṣe. Méjì rèé lọ́wọ́ mi:

Kọ́kọ́rọ́jẹ́rìí. Ọ̀gbẹ́ni tábìlì nìyẹn.

Pẹ́kárími. Ìwé ìpè sọ pé aago mọ́kànlá. Aago méjì ni yóò dé, nígbà tí gbogbo èèyàn ti jókòó tí oúnjẹ ti ń lọ. Kò ní gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Àárín gbùngbùn ni yóò gbà, yóò wá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa tún fìlà ṣe, títí ẹni tó di máìkì mú á fi rí i, tí á ní kí wọ́n wá àga fún un níwájú. Ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ ni wọ́n máa ní kó dìde.

Ó yá, ẹ gbé tiyín wá. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o, mo ṣì fẹ́ máa ríṣẹ́ ṣe.

Jímọ̀Mushin · 9:31 alẹ́

Alága, ẹ kú iṣẹ́! Pẹ́kárími yẹn, mo mọ mẹ́ta ládùúgbò mi.

Tèmi kì í ṣe ti òde àríyá, inú dánfó ni mo ti mú un. Ẹ gba mowàlábújá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Ojúẹlẹ́gba ní Ọjọ́bọ̀. Bọ̀dá kan tó wọ kóòtù jókòó tì mí, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù débi pé gbogbo ọkọ̀ ń gbọ́: "Mo wà l'Ábújá báyìí. Mo fẹ́ wọ ìpàdé. Tí mo bá jáde, màá pè yín." Kò tíì panu dé tí kọ́ńdọ́ fi lu ara ọkọ̀ gbàgà: "Bárékè! Bárékè wọlé o! Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, owó dà?" Bọ̀dá fọwọ́ bo fóònù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo gbọ́ tí ẹni tó wà lódì kejì ń bi í pé, "Bárékè Àbújá ni?"

Mo tún ní agbápárù, ìyẹn àwọn tó ń gbé apá agbádá rù sí èjìká ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí ẹni pé ọmọ ni wọ́n ń pọ̀n.

Olùkọ́Èdè · 9:48 alẹ́

Ẹ kú ìgbádùn. Mo dúró sórí pẹ́kárími díẹ̀, torí irúgbìn wà nínú rẹ̀. "-kárími" yẹn, ẹ lè fi sí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá wù yín. Olóṣèlú tó fún opó kan ní kóńgò ìrẹsì kan tí èèyàn mẹ́jọ dì í mú fún fọ́tò: fúnkárími. Ẹni tó dìde dúró gbàdúrà nílé oúnjẹ títí ọbẹ̀ fi tutù: gbàdúràkárími. Ẹ̀yin náà ẹ máa fi kún un.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo: ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán, kò ní dé ọjà.

ÌyáBọ́sẹ̀ · 9:55 alẹ́

Sunkúnkárími! Olùkọ́, ẹ ò mọ ohun tí ẹ tú sílẹ̀.

Òkú bàbá arúgbó kan la sin láìpẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé dé, ó dá gbogbo ẹni tó ń rọra sunkún dúró. "Yéèè! Dádì! Ta lẹ fi mí sílẹ̀ fún o!" Ó fẹ́ bọ́ sínú sàréè, wọ́n dì í mú. Mo wà nítòsí rẹ̀ dáadáa. Bí ọmọ tó ń ya fídíò ṣe yíjú sí ẹ̀yìn báyìí, ẹkún dúró ṣíí. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi igun rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ojú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí tìróò má bàa ṣàn. Ó bi ẹni tó dì í mú pé ṣé wọ́n ti ń pín sùfùníà. Kámẹ́rà padà dé, "Dádì o!"

Ẹ tún gba orúnkúnòkanlẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin òde òní tó ń kí wa. Wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á tún nà án, ó ti parí. Tẹ́lẹ̀, "ìkúnlẹ̀" là ń pè é, àmọ́ èwo ló kan ilẹ̀ níbẹ̀?

Jímọ̀Mushin · 10:02 alẹ́

Ẹ ṣeun mà. Ti ọkùnrin wá ńkọ́? Afìkakanlẹ̀! Ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀ fìrí, ọwọ́ òsì ṣì wà lórí fóònù.

AlágaÌdúró · 10:06 alẹ́

Jímọ̀, kò sí afìkakanlẹ̀ lóde tèmi o. Lọ́jọ́ ìdána, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Àmọ́ wọ́n ti rí ọgbọ́n míì dá: wọ́n á nà gbọnrangandan, àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa kan kápẹ́ẹ̀tì, torí aṣọ tuntun. Mo máa ń rìn láàárín wọn ni. Ẹni tí mo bá rí àlàfo lábẹ́ rẹ̀, á san owó ìtanràn, á sì tún un ṣe. Láti òní lọ, àyàòkanlẹ̀ ni màá máa pè wọ́n lórí máìkì. Ẹ ṣé, ìyá mi.

TélóAgbádá (Òṣogbo) · 10:11 alẹ́

Èmi ò fara mọ́ agbápárù o. Ẹ̀yin tí ẹ ò rán an rí lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.

Agbádá ò lápá bíi ti ẹ̀wù yòókù. Aṣọ fífẹ̀ ni, ó kọjá ìka ọwọ́ ní ọ̀tún àti lósì. Tí o ò bá ká a sókè, o ò lè bọ èèyàn lọ́wọ́, o ò lè bu oúnjẹ, etí rẹ̀ á wọ inú ọbẹ̀. Ó tún yàtọ̀ síra. Aṣọ òkè wúwo. Tó o bá ti ká a sí èjìká, á jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Gínì tó ń dán yìí, á máa yọ̀ bọ́ ni, kò ní jẹ́ kó o sinmi. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, aṣọ wọn ló ń fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá yẹ lórúkọ yẹn wà ṣá. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ fi apá sílẹ̀. Ẹni tó ká apá tó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, aṣọ ló ń tún ṣe. Ẹni tó ká apá, tó wá wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí i, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Jímọ̀Mushin · 10:14 alẹ́

Ọ̀gá Téló, mo gbà. A ti tún un ṣe: agbápárù gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn wò kó tó gba ìwé ẹ̀rí.

ỌmọÀyàn · 10:22 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Àyàn náà sọ tiẹ̀. Àwa tí à ń lu gángan lóde la mọ ẹni tó ń náwó, a sì mọ ẹni tó ń fi owó ṣeré.

Ẹ gba afowófẹ́ra. Yóò yọ ìdìpọ̀ owó tuntun, òǹtẹ̀ báǹkì ṣì wà lára rẹ̀, yóò jó wá síwájú wa. A ó kì í. A ó ki bàbá tó bí i, a ó ya ilé ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ń lọ sókè, ọwọ́ ń bọ̀ wálẹ̀, owó ò kúrò nínú ọwọ́. Atẹ́gùn ló ń fi fẹ́ sára. Bí ó bá ti rí i pé wọ́n ti ya òun tán, ìdìpọ̀ á padà sápò. Ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi l'Ọ́yọ̀ọ́, mo fi ìlù sọ fún un pé, "Owó ò jáde, owó ò jáde." Oríkì ló pè é. Ó tún ẹsẹ̀ gbé, ó ń mi orí.

Ẹ jẹ́ n dán ọ̀rọ̀ yín wò lórí awọ, torí orúkọ tí kò bá dún nílù kò ní pẹ́ kú. Ṣekárími: re-mi-mi-re. Pẹ́kárími: mi-mi-mi-re. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti yà, ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ á gbọ́ ìkejì. Mowàlábújá, re-do-mi-mi-mi, ìyẹn dùn gan-an. Gbàdúràkárími gùn jù fún mi, Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ sì má bá fáàrí jà jù o. Tó bá tán lóde, kí la fẹ́ kó fún àwọn ọmọ jẹ nílé?

ṢadéPeckham (London) · 10:37 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé tí afowófẹ́ra ò ná an? Ṣé òfin ló ń bà á lẹ́rù ni? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń mú èèyàn.

AlágaÌdúró · 10:41 alẹ́

Àbúrò mi, òfin wà lóòótọ́. Ẹsẹ 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ló sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà, tó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò san ó kéré tán ₦50,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ọdún pọ̀ tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ní oṣù kẹrin 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó wá rán gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ni ara gbogbo èèyàn bá wálẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ti ń gbé báàgì dání, wọ́n á ju owó sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jó.

Àmọ́ afowófẹ́ra ti wà kí òfin tó mú ẹnikẹ́ni. Òfin kàn fún un ní àwáwí ni.

ṢadéPeckham (London) · 10:52 alẹ́

Ẹ ṣeun mà. Ó yé mi.

Tèmi: ahọ́n tòkunbọ̀. Gbogbo wa mọ mọ́tò tòkunbọ̀, a mọ fíríìjì tòkunbọ̀. Èyí ni ahọ́n tí wọ́n rà lókè òkun, tí wọ́n gbé wálé ní Dìsẹ́ńbà. Ọmọ ìyá bàbá mi kan wá sọ́dọ̀ wa níbí, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tá a jọ padà sí Ìkẹjà, èmi tí wọ́n bí síbí ń fi Yorùbá ná ọjà, òun ń bèèrè "wọ́-ọ̀" lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta omi. Ọmọ náà ń wò ó. Ó tún un sọ, "wọ́-ọ̀!" Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n fẹ́?" Bí alábáárù kan ṣe fi bárò gbá a lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn nìyẹn. Yorùbá tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, èmi ò sì lè kọ ọ́ síbí.

Èkejì ni oòrùnòtíìwọ̀: ẹni tó wọ awò dúdú ní gbọ̀ngàn àríyá láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó wá ń táràrà wá àga.

ÌyáBọ́sẹ̀ · 10:55 alẹ́

Oòrùnòtíìwọ̀! Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ọmọ yìí, ìwọ lo gbégbá orókè lálẹ́ òní.

BàbáÌjẹ̀bú · 11:08 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti kà á láti òkè délẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òde òní ló bí fáàrí. Ẹ ò bá wa ní 1974 sí 1975, nígbà owó Údojì, tí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí owó epo ń wọlé. Léèsì ń bọ̀ láti Austria, láti ìlú kan tó ń jẹ́ Lustenau, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é fún wa. Olówó wọ wòńyòsì, ẹni tí kò lówó yá owó ra wòńyòsì. Àwọn obìnrin wé gèlè onílégogoro, nígbà tí ilé gogoro ń yọ l'Ékòó. Alága, o sọ pé odindi gbólóhùn ló dára jù. Onílégogoro kì í ṣe gbólóhùn, ó sì ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé síbí lọ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kàn wo gèlè, ó wo ilé, ó ti tán.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má sọ iyì di fáàrí. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ wá sí Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, á jáde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wá júbà Awùjalẹ̀. Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin lọ káàkiri ayé, awò dúdú lójú, sìgá ńlá lọ́wọ́. Ṣé òun náà lẹ fẹ́ pè ní oòrùnòtíìwọ̀?

Jímọ̀Mushin · 11:10 alẹ́

Ẹ dákun Bàbá, ọ̀sán gangan ni tiẹ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀ lóòótọ́!

ṢadéPeckham (London) · 11:13 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi gan-an ni mo fi fọ́tò yẹn sí ojú fóònù mi fún odindi oṣù kan. Ó yàtọ̀. Ìlú ló pè é jáde, ẹṣin wà, ìlù wà, ọba jókòó. Ẹni tí mò ń bá wí kò sí ẹni tó pè é síbì kankan, inú ilé ló ti wọ awò jáde.

BàbáÌjẹ̀bú · 11:19 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń bú àwa Ìjẹ̀bú pé a fẹ́ràn òde. Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bá mi fi kọ́kọ́rọ́jẹ́rìí sílẹ̀ díẹ̀, tèmi wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Jímọ̀Mushin · 11:24 alẹ́

Bàbá ti ba ti Alága jẹ́ pátápátá 😂

Ẹ gba ọ̀kan sí i: ayáṣọ. Àwọn tó ń yá aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó, tí wọ́n á wá...

ÌyáBọ́sẹ̀ · 11:27 alẹ́

Jímọ̀, dá a dúró níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe fáàrí. Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí báyìí ni? Obìnrin tó yá aṣọ kí ó má bàa dá yàtọ̀ láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀, ìtìjú ló ń bò. Kò fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti yá rí, n óò sì tún yá. Ẹni tó ní tó ń fi han ẹni tí kò ní, òun la wá bá jà níbí.

Jímọ̀Mushin · 11:29 alẹ́

Ẹ má bínú, mà. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ n fi afẹ̀yìntìmọ́tò dípò rẹ̀: ẹni tó fẹ̀yìn ti mọ́tò olówó iyebíye tí wọ́n páàkì sílẹ̀ sí òpópónà, tó ya fọ́tò, tó kọ "ọpẹ́ ni fún Olúwa" sábẹ́ rẹ̀. Onímọ́tò kàn jáde láti ibi tó ti lọ gé irun ni.

TélóAgbádá (Òṣogbo) · 11:33 alẹ́

Ìyẹn dára. Ojú ẹni tó ni mọ́tò ni mo fẹ́ rí.

Olùkọ́Èdè · 11:40 alẹ́

Ọmọ Àyàn, mo gbà pé gbàdúràkárími gùn, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ béèrè ohun kan kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Gbogbo èyí tí a ti ń sọ, ẹni tó ń wá kí wọ́n rí òun ni. Ẹni tó ń ṣe fáàrí àìṣefáàrí wá ńkọ́? Ẹni tó ní kí wọ́n má pe òun sórí àga iwájú o, òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó wá lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá àwọn awakọ̀, ó sì ń wò bóyá alága ti rí i.

AlágaÌdúró · 11:44 alẹ́

Háà, Olùkọ́! Irú wọn ló ń fún mi níṣẹ́ jù. Tí n kò bá lọ bẹ̀ ẹ́ wá síwájú, á bínú lọ. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo gbọ̀ngàn á máa wò wá, ètò ìyàwó á dúró. Ẹni tó ṣe pẹ́kárími sàn jù ú lọ fún mi, ìyẹn kàn ń fẹ́ àga ni.

ỌmọÀyàn · 11:47 alẹ́

Sápamọ́kárími.

ÌyáBọ́sẹ̀ · 11:48 alẹ́

YÉÈÈ!

ṢadéPeckham (London) · 11:50 alẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìpàdé lárọ̀ọ́ ọ̀la. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ nìyẹn gan-an, òyìnbó ni, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀Mushin · 11:53 alẹ́

Ọmọ Àyàn, ti ìlù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dún?

ỌmọÀyàn · 11:58 alẹ́

Mi-re-mi-mi-mi-re. Ìyàwó mi ní tí n kò bá gbé gángan yìí sílẹ̀ lórí ibùsùn báyìí, èmi nìkan ni màá sùn.